Rosa Parks àti Virginia Durr: Aránṣọ àti Ìyàwó Lọ́yà ní Montgomery

Aṣọ rírán ló kọ́kọ́ pa Rosa Parks àti Virginia Durr pọ̀. Ọdún 1954 ni, ní Montgomery, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Alabama ní gúúsù Amẹ́ríkà. Virginia, obìnrin aláwọ̀ funfun, ń wá ẹni tí yóò máa bá òun tún aṣọ àwọn ọmọbìnrin òun ṣe. E.D. Nixon, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin tó sì jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ nínú NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀, ló júwe Rosa fún un. Obìnrin adúláwọ̀ ni Rosa, ẹni ọdún 41, aránṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá wò wọ́n láti ìta kò ní rí ju ìyáálé ilé òyìnbó àti aránṣọ rẹ̀ lọ. Ohun tó wà láàárín wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, nítorí ìtàn tí a sábà máa ń gbọ́, pé ó rẹ obìnrin kan lọ́jọ́ kan, kò sì dìde nínú bọ́ọ̀sì, kò bọ̀wọ̀ fún Rosa Parks tó bó ṣe yẹ, kò sì dárúkọ àwọn tó dúró tì í.

Lábẹ́ òfin àti àṣà Montgomery nígbà náà, dúdú àti funfun kò gbọdọ̀ jókòó pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ wọn kò gbọdọ̀ kàwé pọ̀, wọn kò gbọdọ̀ jẹun pọ̀ nílé oúnjẹ. Ẹ̀rọ omi tí wọ́n ti ń mu omi pàápàá yàtọ̀. Obìnrin adúláwọ̀ lè wọ ilé òyìnbó láàárọ̀ kó gbálẹ̀, kó dáná, kó tọ́jú ọmọ. Kò lè wọ̀ ọ́ lálẹ́ bí àlejò. Aṣọ tó fẹ́ àtúnṣe ló jẹ́ kí Rosa lè máa wọlé kó sì jókòó, láìsí aládùúgbò tí yóò béèrè ohun tó wá ṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn.

A kò bí ọkàn ìjà yìí mọ́ Virginia. Birmingham, ní Alabama kan náà, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1903. Pásítọ̀ ni bàbá rẹ̀; ìyá-ńlá rẹ̀ ní oko òwú ńlá ní Union Springs, oko tí ẹrú ti ṣiṣẹ́ nígbà kan rí. Wọ́n tọ́ ọ dàgbà pé akọni ni àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó ń fi ìwà ipá dẹ́rù ba àwọn adúláwọ̀, pé ipò ọ̀gá ni ti funfun, ipò ìránṣẹ́ ni ti dúdú. Nígbà tó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì Wellesley ní àríwá, wọ́n ní kó jókòó sídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀. Ó yarí. Obìnrin tó ń bójú tó ilé wọn sọ fún un pé òfin ilé nìyẹn: kó jẹun níbẹ̀, tàbí kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó jẹun níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ohun tó bà òun lẹ́rù jù ni kí bàbá òun má lọ gbọ́. Inú mi dùn sí i pé kò fi ìtàn náà ṣe ara rẹ̀ ní ẹni mímọ́.

Lọ́dún 1933 ó bá ọkọ rẹ̀, Clifford Durr, agbẹjọ́rò, lọ sí Washington. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Hugo Black, sẹ́nétọ̀ tó di adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ lọ́dún 1937. Virginia ì bá jókòó jẹ́jẹ́ kó máa gba àlejò. Ìjà owó orí ìdìbò ló gbé. Kì í ṣe irú owó orí tí àwọn baba wa san fún ìjọba amúnisìn; èyí jẹ́ owó tí ẹni tó bá fẹ́ dìbò ní gúúsù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san, ní Alabama sì rèé, gbèsè ọdún tó kọjá máa ń gun orí ti ọdún tuntun ni. Owó yìí lé àwọn adúláwọ̀ kúrò nídìí àpótí ìbò, ó sì lé àwọn òyìnbó tálákà pẹ̀lú, pàápàá àwọn obìnrin wọn. Tìtorí àwọn obìnrin òyìnbó gúúsù ni Virginia ṣe kọ́kọ́ wọ inú ìjà náà, kò sì fi í pamọ́. Inú rẹ̀ ló ti wá pàdé Mary McLeod Bethune àti àwọn obìnrin adúláwọ̀ mìíràn tí kì í ṣe ìránṣẹ́ ẹnikẹ́ni, tí wọ́n ń jókòó sípàdé tí wọ́n sì ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ilé aṣojú-ṣòfin buwọ́ lu àbá láti fagi lé owó náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn sẹ́nétọ̀ gúúsù ń fi àwíìdákẹ́ pa á: wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lọ láìdánu dúró kí ìbò má bàa wáyé.

Nígbà tó di ọdún 1948, ìjọba ń yẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wò bóyá Kọ́múníìsì ni wọ́n. Clifford kò fara mọ́ ọn, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ní 1951 tọkọtaya náà padà sí Montgomery láìsí owó lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹta 1954, Sẹ́nétọ̀ James Eastland ti Mississippi pe Virginia wá jẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní New Orleans lórí ẹ̀sùn Kọ́múníìsì. Ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó ní òun kì í ṣe Kọ́múníìsì, ó sì dákẹ́. Bí wọ́n ṣe ń béèrè, ó ń fi páúdà sí imú. Lẹ́yìn èyí, àwọn oníbàárà òyìnbó tó ṣẹ́ kù fún ọkọ rẹ̀ ń yọ́ lọ. Àwọn adúláwọ̀ tí àwọn ayánilówó ti rẹ́ jẹ ló kù, Nixon ló sì ń mú púpọ̀ nínú wọn wá. Virginia ni akọ̀wé ọ́fíìsì náà, òun ló ń tẹ̀ tàìpù.

Èyí ṣe pàtàkì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ilé tí Rosa ń wọ̀ láti wá tún aṣọ ṣe kì í ṣe ilé òyìnbó tó wà nínú ọlá tó ń fi ìka ẹsẹ̀ wọ omi wò. Àwọn ará ìlú funfun ti ta wọ́n nù díẹ̀díẹ̀.

Rosa ní tirẹ̀ kò dúró kí ẹnikẹ́ni wá jí òun lójú oorun. Tuskegee ni wọ́n ti bí i ní 1913, Pine Level ló ti dàgbà, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti àwọn òbí ìyá rẹ̀. Nígbà tí àwọn Klan ń gun àdúgbò káàkiri lóru, bàbá-ńlá rẹ̀ a jókòó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìbọn, ọmọ náà a sì jókòó tì í. Raymond Parks, onígbàjámọ̀ tó fẹ́ ẹ ní 1932, ti ń bá wọn jà fún àwọn ọmọkùnrin mẹ́sàn-án tí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn ní Scottsboro. Ní 1943 Rosa di akọ̀wé NAACP ní Montgomery. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun ni ẹgbẹ́ rán lọ sí Abbeville nígbà tí àwọn ọkùnrin òyìnbó mẹ́fà fipá bá Recy Taylor lò pọ̀ bó ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ó lọ, ó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó sì bá wọn dá ìgbìmọ̀ tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé gbogbo Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ẹnì kankan kò ṣẹ̀wọ̀n nítorí ìwà náà.

Ìgbà kẹta tó gbìyànjú láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò, ní 1945, ni wọ́n tó gbà á. Wọ́n wá ka owó orí ìdìbò fún un: dọ́là kan àtààbọ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan látìgbà tó ti pé ọmọ ọdún 21, àpapọ̀ 16.50 dọ́là. Ó san án. Owó tí Virginia ń bá jà ní Washington ni Rosa ń kà kalẹ̀ ní Montgomery, wọn kò sì tíì gbọ́ orúkọ ara wọn.

Ní ìgbà ooru 1955, Myles Horton, tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Highlander sílẹ̀ lórí òkè ní Monteagle, ìpínlẹ̀ Tennessee, ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì lórí bí a ó ṣe mú ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ṣẹ, èyí tó ní kí wọ́n má ya ọmọ dúdú àti funfun sọ́tọ̀ mọ́ ní ilé-ìwé ìjọba. Ọ̀rẹ́ Virginia ni. Virginia sọ fún un pé ẹni tó yẹ kó wá wà ní Montgomery, pé aránṣọ ni, pé òun ló ń darí àwọn ọ̀dọ́ NAACP. Ilé-ẹ̀kọ́ gbà láti bójú tó oúnjẹ àti ibùsùn rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kò sí. Virginia wá a lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́. Rosa gba àyè nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìtajà Montgomery Fair, ó sì lọ.

Dúdú àti funfun ń sùn lábẹ́ òrùlé kan náà ní Highlander, wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń fọ abọ́ pọ̀. Rosa sọ lẹ́yìn náà pé ohun tó dùn mọ́ òun ni kí òun jí láàárọ̀, kí òun gbọ́ òórùn ẹran díndín àti kọfí, kí òun sì mọ̀ pé àwọn òyìnbó ló ń se é, kì í ṣe òun ló ń se é fún wọn. Ibẹ̀ ló ti pàdé Septima Clark, olùkọ́ adúláwọ̀ láti South Carolina, tí ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀ wú u lórí. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ oníkálùkù ohun tí yóò ṣe bó bá délé, Rosa kò ṣèlérí ńlá. Ó ní òun kò rò pé àwọn ará Montgomery lè fìmọ̀ ṣọ̀kan, pé òun yóò máa bá àwọn ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀tá wá sọ nígbà tó yá pé Highlander ló kọ́ ọ ní ohun tó ṣe nínú bọ́ọ̀sì, pé àwọn òyìnbó Kọ́múníìsì ló rán an. Irọ́ gbáà ni. Virginia wá owó ọkọ̀. Obìnrin tó wọ ọkọ̀ náà ti ń jà fún ọdún méjìlá kó tó lọ.

Irọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, 1955, Rosa wọ bọ́ọ̀sì Cleveland Avenue lọ sílé. Ó jókòó sí àárín, níbi tí adúláwọ̀ lè jókòó bí òyìnbó kò bá nílò rẹ̀. Nígbà tí apá iwájú kún tí ọkùnrin òyìnbó kan wà lórí ìdúró, James Blake awakọ̀ ní kí àwọn mẹ́rin tó wà ní ìlà yẹn dìde. Blake yìí kan náà ló lé Rosa kúrò nínú bọ́ọ̀sì ní 1943, nígbà tó kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ kó lọ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé lẹ́yìn tó ti sanwó. Àwọn mẹ́ta dìde. Rosa kò dìde. Ọlọ́pàá méjì wá mú un.

Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ Nixon. Ó fóònù ọlọ́pàá láti béèrè ohun tó ṣẹ̀. Wọ́n ní kò kàn án. Fred Gray, ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò adúláwọ̀ tí ì bá lọ, ti rìnrìn-àjò. Ni Nixon bá fóònù Clifford Durr. Ohùn òyìnbó ni ti Clifford, ipò agbẹjọ́rò sì ni tirẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn, wọ́n sọ ẹ̀sùn náà fún un. Nígbà tí Nixon wá gbé e, Virginia ní òun náà ń bọ̀. Wọ́n jọ lọ.

Béèlì jẹ́ 100 dọ́là. Tọkọtaya Durr kò ní ilé tiwọn tí wọ́n lè fi dúró, nítorí náà Nixon ló fọwọ́ sí i. Virginia dúró, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n mú Rosa jáde, Virginia gbá a mọ́ra, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, omijé ń bẹ lójú rẹ̀. Rosa kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé bí ẹni pé ọmọ ìyá ni àwọn ló ṣe dì mọ́ òun. Níwájú àwọn ọlọ́pàá òyìnbó Alabama, ní 1955, obìnrin òyìnbó kan ń gbá obìnrin adúláwọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá mọ ìlú yẹn nígbà náà á mọ̀ pé wọ́n ti gbé ìdájọ́ kalẹ̀ lórí Virginia náà lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n lọ sí ilé Rosa ní Cleveland Courts. Raymond wà níbẹ̀, Leona ìyá Rosa wà níbẹ̀. Nixon rí i pé ẹjọ́ tí òun ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ nìyí. Clifford ṣàlàyé ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́: òfin ìlú pàápàá sọ pé kò yẹ kí wọ́n lé adúláwọ̀ dìde bí àyè mìíràn kò bá sí tó lè jókòó sí, kò sì sí, bí Rosa bá fẹ́, òun lè fi ìyẹn gbà á sílẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí. Èkejì: kó jẹ́ kí ẹjọ́ náà lọ, kí wọ́n fi bá òfin ìyàsọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ jà, pẹ̀lú agbẹjọ́rò NAACP. Ẹ̀rù ba Raymond gidigidi. Virginia rántí pé ohun tó ń tẹnu mọ́ ṣáá ni pé àwọn òyìnbó yóò pa á. Rosa bá ìyá rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wá ní kí ẹjọ́ náà lọ.

Kò sí òyìnbó tó ṣe ìpinnu yẹn fún un. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí àwọn kan wà tí wọ́n bá gbọ́ pé òyìnbó wà nínú ilé, wọ́n á gbé ògo fún òyìnbó. Clifford tọ́ka sí ọ̀nà tó rọrùn, ó tọ́ka sí èyí tó le. Rosa ló yan èyí tó le. Fred Gray, ọmọ ọdún 24, ló di agbẹjọ́rò rẹ̀. Clifford ń gbà á nímọ̀ràn lábẹ́lẹ̀. Lóru ọjọ́ yẹn kan náà, Jo Ann Robinson, olùkọ́ ní Alabama State College, ń tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé pélébé pé kí ẹnikẹ́ni má wọ bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ Ajé. Wọn kò wọ̀ ọ́. Wọn kò tún wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ 381.

Láàárín àkókò yẹn, àwọn obìnrin òyìnbó Montgomery wà nínú ipò kan tí Virginia máa ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ gan-an. Wọn kò lè gbé láìsí àwọn obìnrin adúláwọ̀ tó ń dáná fún wọn, nítorí náà wọ́n ń fi ọkọ̀ ara wọn lọ gbé wọn wá. W.A. Gayle, olórí ìlú, bú wọn pé àwọn ló ń mú kí kíkọ̀ tí àwọn adúláwọ̀ kọ bọ́ọ̀sì náà pẹ́. Wọ́n fèsì pé bó bá fẹ́, kó wá fọ aṣọ, kó wá dáná. Oníkálùkù ń díbọ́n: ìyáálé ilé ní kì í ṣe nítorí ìjà ni òun fi ń gbé ìránṣẹ́ òun, ìránṣẹ́ ní kò sẹ́ni nínú ẹbí òun tó lọ́wọ́ sí i. Virginia ròyìn pé nígbà tí òun béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń dáná fún ìyá ọkọ òun ìdí tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀, ó dá òun lóhùn pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lẹ́nu kìnnìún, orí kìnnìún ló yẹ kó máa fọwọ́ pa.

Òyìnbó tó bá kọ̀ láti díbọ́n rí pupa ojú wọn. Juliette Morgan, òṣìṣẹ́ ilé ìkówèésí ìlú, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Montgomery Advertiser ní oṣù Kejìlá náà, ó fi àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wé Gandhi, ẹni tó fi ìjà láìlo ipá dojú kọ ìjọba amúnisìn ní Íńdíà. Wọ́n ń fóònù bú u tọ̀sán-tòru, wọ́n ń sọ òkò lu fèrèsé rẹ̀. Ní oṣù Keje 1957 ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Virginia ní ọkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ẹbí tí orúkọ wọn tóbi ní Alabama. Juliette kò ní ju ìyá rẹ̀ lọ.

Níbi tí ọ̀rẹ́ Rosa àti Virginia ti le jù lójú mi ni lẹ́yìn tí ariwo ti di ti gbogbo ayé. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1956 Montgomery Fair dá Rosa dúró. Wọ́n ní àwọn ń ti apá aránṣọ. Raymond náà fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Owó ń wọlé fún àjọ tó ń darí ìjà náà láti gbogbo ilẹ̀, Rosa ń rìn káàkiri láti sọ̀rọ̀ kí owó lè wọlé, síbẹ̀ ilé tirẹ̀ gbẹ. Kì í ṣe ẹni tó máa ń tọrọ. Virginia ló ń tọrọ fún un. Ó jókòó ti ẹ̀rọ tàìpù, ó ń kọ lẹ́tà sí Highlander àti sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àríwá, ó ń sọ pé obìnrin tí gbogbo yín ń yìn kò rí owó ilé san. Owó wá, kò pọ̀ tó ohun tó nílò.

Ìnira wọn kò dọ́gba, irọ́ ni ẹni tó bá sọ pé ó dọ́gba. Virginia pàdánù ẹgbẹ́, oníbàárà, ìkíni lójú pópó. Wọ́n ń fóònù sí ilé Rosa pé àwọn yóò pa á. Bí Virginia bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tí kò dá sí nǹkan kan mọ́ láti ọ̀la, Alabama yóò gbà á padà bó pẹ́ bó yá; kò sí ilẹ̀kùn tí Rosa lè tì. Àwọn méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rí i nínú bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Fi ọdún mẹ́wàá ju Rosa lọ ni Virginia, ṣùgbọ́n ní Alabama ọjọ́ orí kò já mọ́ nǹkan: ọmọ òyìnbó kékeré ń pe ìyá arúgbó adúláwọ̀ lórúkọ, kò sì sí òyìnbó tó máa fi “Mrs.” ṣáájú orúkọ obìnrin dúdú. Rosa ń pe Virginia ní Mrs. Durr. Virginia ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Mrs. Parks ni òun náà yóò máa pè é, títí dìgbà tó bá lè pe òun ní Virginia. Ó gba ọdún tó pọ̀. Virginia dúró dè é, kò fipá gba orúkọ ọ̀rẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹjọ́ Rosa gan-an kọ́ ló fọ́ òfin náà. Ẹjọ́ àwọn obìnrin adúláwọ̀ mẹ́rin mìíràn tó pe òfin bọ́ọ̀sì náà lẹ́jọ́, Aurelia Browder, Claudette Colvin, Susie McDonald àti Mary Louise Smith, ni, èyí tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá 1956. Bọ́ọ̀sì di ti gbogbo ènìyàn lóṣù tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ kò padà sọ́wọ́ Rosa. Ní oṣù Kẹjọ 1957 òun, Raymond àti ìyá rẹ̀ kó lọ sí Detroit, níbi tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń gbé. Virginia kò kúrò. Ní 1961, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́, dúdú àti funfun, tó jọ ń wọ bọ́ọ̀sì kọjá gúúsù láti tako ìyàsọ́tọ̀ dé Montgomery, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ilé Durr tí àlejò wọn gbé lọ sí ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ohun tí àwọn jàǹdùkú dáná sun. Nígbà tí Virginia kú ní 1999, Rosa ránṣẹ́ pé ìgbésí ayé ọlá tí wọ́n fi tọ́ ọ kò dá a dúró láti fẹ́ ìdọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ ni Rosa náà kú.

Ti owó orí ìdìbò tí àwọn méjèèjì ti bá pàdé kí wọ́n tó pàdé ara wọn, ọdún 1964 ni àtúnṣe ìwé òfin Amẹ́ríkà mú un kúrò nínú ìdìbò sípò ìjọba àpapọ̀. Alabama ṣì ń gbà á fún ìdìbò tiwọn títí di oṣù Kẹta 1966, nígbà tí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tó jókòó ní Montgomery fúnra rẹ̀ fagi lé e. Lóṣù kan náà Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé e fún gbogbo ìpínlẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Hugo Black, ọkọ ẹ̀gbọ́n Virginia, wà lára àwọn adájọ́ tí kò fara mọ́ ìdájọ́ náà. Rosa ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn ní ọ́fíìsì John Conyers, aṣòfin adúláwọ̀ tí àwọn ará Detroit dìbò yàn sí Washington.